Ata àti ìkàn ilẹ̀ Ítálì l'Abẹ́òkúta: irúgbìn ló burú ni, àbí oṣù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí-Àbà níbí ni mo ń gbé. Àǹtí mi tó wà ní Brescia nílẹ̀ Ítálì fi àpò irúgbìn mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lásìkò Kérésì: ata Corno di Toro, Friggitello, Quadrato d'Asti, àti ìkàn tí wọ́n ń pè ní Violetta Lunga. Lẹ́yìn àpò, wọ́n ní oṣù kejì sí ìkẹta ni kí èèyàn gbìn ín. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kejì ni mo gbìn ín. Gbogbo ẹ̀ hù. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹrin, òdòdó ata bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ẹ óò rí i nílẹ̀ láàárọ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ. Quadrato ò so ẹyọ kan. Ìkàn so mẹ́ta, ó wá rọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lóṣù kẹfà, ó kú. Aládùúgbò mi ní irúgbìn òyìnbó ò lè rójú nílẹ̀ wa, kí n yáa padà sídìí rodo. Díẹ̀ ṣì kù nínú àwọn àpò náà. Ṣé kí n dà á nù?

* * *

Àbúrò mi, má da nǹkan kan nù.

Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò kì í ṣe irọ́. Wọn ò kàn kọ ọ́ fún wa ni. Ní Ítálì, òtútù ṣì ń mú lóṣù kejì. Inú ilé tàbí abẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ooru sí ni wọ́n ti ń gbin hóró ata nígbà yẹn, torí pé ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni hóró ata ń fẹ́ kó tó hù, bíi 25°C sí 30°C. Oṣù kárùn-ún ni wọ́n tó ń kó ọmọ ata jáde sóko, nígbà tí yìnyín ò bá lè pa á mọ́. Òtútù ni gbogbo ìṣirò wọn ń sá fún. Ooru ni tiwa ń sá fún.

Òdòdó ata ní ìwọ̀n ooru tó lè gbà. Tí ọ̀sán bá ti ń kọjá 32°C, tí òru náà ò sì fẹ́ wá sílẹ̀ ju 24°C lọ, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tó yẹ kó mú un so kì í ṣiṣẹ́ mọ́, igi á sì tú òdòdó náà dà sílẹ̀. Ata tí èso rẹ̀ tóbi ló máa ń kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Quadrato rẹ fi ya àgàn.

Ṣé ẹ mọ ibi tí a ń gbé? Abẹ́ òkúta ni. Ọ̀sán gbogbo ni àpáta fi ń gba oòrùn sára, tó bá di òru, á máa mí i jáde. Ẹni tó bá ti sùn ní Ìkìjà lóṣù kẹta nígbà tí iná ò sí, tó ká ẹní rẹ̀ lọ síta, mọ ohun tí mò ń wí. Èèyàn ò rí oorun sùn, ẹ wá ń retí pé kí òdòdó ata so.

Ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é rèé. Mo kọ́kọ́ ń mú ìgbà tí mo fẹ́ kó yọ òdòdó, mo sì ń kà á padà sẹ́yìn. Òru tó tutù jù lọ́dọ̀ wa ni ti ọyẹ́, láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kìn-ín-ní. Láti ọjọ́ tí hóró bá wọlẹ̀ dé ọjọ́ òdòdó, mo ń ka ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá sí méjìlá: bíi méje ní nọ́sìrì, mẹ́rin tàbí márùn-ún lóko. Nítorí náà, láàárín 20 oṣù kẹjọ sí 10 oṣù kẹsàn-án ni mo ń gbin hóró, kí òdòdó lè bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ọyẹ́, kó sì bá a wọ inú rẹ̀. Òjò ṣì wà láti gbé ọmọ ata dìde. Nígbà tí mo bá fi máa ṣí i lọ sóko lóṣù kẹwàá, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, àwọn àrùn ewé ti dín kù. Láti ibẹ̀ lọ, èmi àti kànga ni.

* * *

Ẹ ti fèsì rẹpẹtẹ láàárọ̀ yìí. Mo ti kà á tán, ẹ jẹ́ kí n kó o jọ.

Àwọn kan wà lẹ́yìn aládùúgbò: irúgbìn òyìnbó ni, ilẹ̀ òyìnbó ni kó ti so. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà wo ni ata di ti òyìnbó? Kí Columbus tó tukọ̀ lọ lọ́dún 1492, kò sí ará Ítálì tó mọ bí ata ṣe ń rí. Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹ̀ ti wá, àti Corno di Toro o, àti ṣọ̀mbọ̀ o, àti tàtàṣé. Ohun tó jẹ́ tiwa gidi ni iyèré àti ataare. Rodo tí ẹ ń fi bú irúgbìn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀, àlejò lòun náà, ó kàn ti pẹ́ nílé ni.

Ẹnì kan láti Adátán ní ọ̀sán wa kúrú ju tiwọn lọ, pé òun ló fà á. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí, àmọ́ kì í ṣe lórí ata. Àlùbọ́sà ló ń ka wákàtí oòrùn. Irú àlùbọ́sà kan wà lókè Yúróòpù tó jẹ́ pé àfi kí ọ̀sán gùn tó wákàtí mẹ́rìnlá kó tó ta, tí o bá gbìn ín síbí, ewé lásán lo máa rí, torí ọ̀sán wa ò kúrò ní bíi wákàtí méjìlá láti oṣù kìn-ín-ní dé ìkejìlá. Ata àti ìkàn ò ka wákàtí. Ooru àti omi ni wọ́n ń kà.

Àwọn tó kù ní kí a fi ibòji sí i. Mo gbà fún yín ní ìdajì. Ọmọ ata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ sóko nílò imọ̀ ọ̀pẹ lórí fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Èso tó ti tóbi náà, tí ewé ò bá bò ó, oòrùn á jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ibẹ̀ á funfun, á rí bíi bébà tí omi ta sí. Àmọ́ bàbá kan lọ́nà Alábàtà gbin tirẹ̀ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ata ga dé èjìká mi, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀ títí, èso mẹ́rin ni mo kà lórí igi mọ́kànlá. Bàbá ní ó ṣì máa so. Mo ní "Ẹ kú ìrètí o, sà."

* * *

Ẹ̀ ń pè é ní "ata Ítálì" bí ẹni pé oríṣi kan ni. Ìyàtọ̀ tó wà nínú wọn pọ̀.

Quadrato d'Asti, Asti ni ìlú rẹ̀, ní Piemonte lókè Ítálì lọ́hùn-ún. Ó ní igun mẹ́rin, ẹran rẹ̀ nípọn, èso kan lè kún ọwọ́ rẹ méjèèjì. Òun ló le jù fún wa. Ọdún méjì ni mo fi gbìn ín. Èyí tó so lọ́dún kejì ò tó èyí tí mo lè fi han ọkọ mi láìrẹ́rìn-ín.

Corno di Toro túmọ̀ sí ìwo akọ màlúù, ó sì jọ ọ́ lóòótọ́: ó gùn tó ogún sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ kọrọdọ. Ó máa ń so fún mi tí mo bá bá ọyẹ́ lò ó. Àìsàn tirẹ̀ ni pé ìdí èso máa ń dúdú, á sì rà. Ẹ má sáré lọ ra oògùn apakòkòrò o. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe kòkòrò. Omi tí à ń bù lónìí tí a ò bù lọ́la ni: bí omi ò bá dọ́gba, èròjà kálísíọ́mù inú ilẹ̀ ò ní lè gòkè dé ìdí èso. Ẹni tó ń lọ èèpo ẹyin síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ó máa ń pẹ́ gan-an kí èèpo ẹyin tó jẹrà. Ẹ bomi rin ín déédéé, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀.

Friggitello ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò ju ìka ọwọ́ lọ, a sì ń já a ní tútù. Tinrin ni awọ rẹ̀, kì í ta, wẹ́rẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń so bí ti ata wa. Àwọn ará gúúsù Ítálì ń dín in lódindi nínú òróró pẹ̀lú iyọ̀. Èmi ń gé e sínú ayamáṣe dípò tàtàṣé tútù, mo ń fi rodo gbé e lẹ́sẹ̀. Ará Ìkẹ́nnẹ́ tó bá fẹ́ pè mí lẹ́jọ́, mo wà nílé.

Ẹ bi mí nípa ọjà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé Corno di Toro lọ sí Kútọ̀, apẹ̀rẹ̀ kan ààbọ̀, ìyá aláta tí mo fẹ́ já a fún mú ọ̀kan, ó fi eyín gé orí rẹ̀, ó jẹ ẹ́ títí, ó ń wò mí. Ó ní, "Ìyá, ṣọ̀mbọ̀ wo rèé tó ń dùn bí ìrèké? Ẹ fẹ́ kí wọ́n wá lù mí mọ́ àtẹ ni?" Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá rí ata gígùn pupa, ó ti mọ ohun tó ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà kejì, mo to tàtàṣé yí i ká, mo pè é ní tàtàṣé oníwo, mo ní fún àwọ̀ ọbẹ̀ ni, rodo ló máa ta. Ó tà kí oòrùn tó kan àtàrí. Orúkọ lásán ló yí padà.

Ọ̀kan tún wà tí ẹ ò béèrè, mi ò lè má sọ ọ́: ata Senise, láti agbègbè Basilicata ní gúúsù Ítálì. Láti ọdún 1996 ni òfin Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Awọ rẹ̀ tinrin, omi inú rẹ̀ kéré, nítorí náà wọ́n ń fi òwú gún un nídìí, wọ́n á fi kọ́ síta nínú atẹ́gùn títí á fi gbẹ, wọ́n á wá tì í bọ inú òróró gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á máa fọ́ lẹ́nu bí ìpékeré. Ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi fi gbẹ lábẹ́ òrùlé. Mo fi tàtàṣé dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí òwú kan náà, òun bu, ó ń rùn.

* * *

Ará Lafẹ́nwá tó kọ̀wé tìbínútìbínú, mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní ẹ gbin ata dídùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rodo, rodo "kó títa ràn án," èso rẹ̀ wá ń ta yín lẹ́nu. Ìdajì àwọn tó wà níbí gbà yín gbọ́. Èmi ò gbà.

Ata tí a já lórí igi kan, ara igi yẹn ni. Ẹran rẹ̀, awọ rẹ̀, àti nǹkan funfun inú rẹ̀ tí hóró so mọ́, ti ìyá ni gbogbo ẹ̀. Nǹkan funfun yẹn gan-an sì ni títa ń gbé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú rodo kí ẹ wò ó. Bí kòkòrò bá gbé lẹ́búlẹ́bú rodo wá sórí òdòdó ata dídùn, inú hóró nìkan ni ọmọ àlè yẹn wà. Èso tí ẹ jẹ lọ́dún yìí ò lè ta nítorí ẹ̀. Hóró inú rẹ̀ tí ẹ bá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ni wàhálà máa ti bẹ̀rẹ̀, torí pé títa máa ń borí dídùn.

Nítorí náà mo bi í pé: inú àpò ni ẹ ti mú hóró, àbí inú ata tí ẹ fúnra yín já lọ́dún tó kọjá? Ó dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wá ní lọ́dún tó kọjá ni òun fi hóró pamọ́, pé ṣọ̀mbọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ó parí. Ṣọ̀mbọ̀, tàtàṣé àti ata Ítálì, ẹbí kan náà ni wọ́n, wọ́n ń gun ara wọn láìtijú. Ìyekan tó jìnnà díẹ̀ ni rodo sí wọn. Ó lè ṣẹlẹ̀, kò wọ́pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi hóró pamọ́, kó gé aṣọ nẹ́ẹ̀tì bí àpò kékeré, kó fi wọ ẹ̀ka tí òdòdó rẹ̀ ò tíì là. Ata lè dá so fúnra rẹ̀. Tó bá ti so, ẹ bọ́ àpò náà kúrò, ẹ so òwú pupa mọ́ ìdí rẹ̀ kí ọmọ ilé má lọ já a sọ́bẹ̀. Òwú yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

* * *

Lórí nọ́sìrì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni mò ń lò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé ẹnu rẹ̀ kúrò, ẹ fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ níhò mẹ́ta. Ilẹ̀dú ọwọ́ méjì, iyanrìn ọwọ́ kan, ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ ọwọ́ kan. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹrà fún oṣù méjì. Ẹ da omi tó ń hó lé erùpẹ̀ náà lórí, ẹ bò ó di ọjọ́ kejì kó tó wọ inú ọ̀rá. Omi gbígbóná yẹn ló gba ọmọ ata mi là, torí lọ́dún tí mi ò ṣe é, mo jí láàárọ̀, mo rí i pé ọmọ ata tó lé ní ogójì ti dùbúlẹ̀ gbalaja, ọrùn wọn tinrin níbi tó kan ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi òwú fún wọn lọ́rùn. Olú inú ilẹ̀ tí ojú ò rí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi àpọ̀jù lálẹ́ ló sì ń pè é wá. Àárọ̀ nìkan ni kí ẹ máa bomi rin.

Hóró méjì nínú ọ̀rá kan, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ìjà ńlá wà lórí rírẹ hóró sómi. Kí ẹ rẹ ẹ́ láti alẹ́ di àárọ̀, kò burú. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ṣe ògì. Ìkàn máa ń yọjú ní bí ọ̀sẹ̀ kan, ata lè gbà tó ọjọ́ mẹ́rìnlá, nítorí náà kí ẹ má ti ìka bọ ọ̀rá lọ wò ó.

Ẹ gbé nọ́sìrì sókè ju ibi tí ẹnu ewúrẹ́ lè dé lọ. Ọgọ́ta ọmọ ata, lówùúrọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ni ewúrẹ́ náà ní ewúrẹ́ òun kì í jẹ ata.

* * *

Àbúrò Ìdí-Àbà ti padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ti ata, ìkàn tèmi ńkọ́? Ooru náà ló pa á ni?"

Rárá o. Ìkàn lè fara da ooru ju ata lọ fíìfíì. Ohun tí o sọ ló ń dà mí láàmú: ó rọ lọ́jọ́ kan. Ṣé ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tó ń rọ, kò pọ́n rárá? Ṣé o bomi rin ín tí kò gbọ́? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ilẹ̀ tó ń dí ọ̀nà omi inú igi pa. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Ralstonia. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tó gbóná tó sì rin, oṣù kẹfà wa gẹ́lẹ́ nìyẹn, tòmátì, ata àti ìkàn ló sì ń pa.

Dán an wò báyìí. Tí òmíràn bá rọ, gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ohun tí o gé gùn tó ìka kan. Bu omi tó mọ́ gaara sínú gíláàsì. Fi òwú so igi náà, kó rọ̀ dirodiro, kí ojú ibi tí o gé ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi. Má fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ òun ni, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wàá rí nǹkan funfun tí á máa ṣàn wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí omi ògì tí wọ́n rọra tú sínú omi. Tí omi bá mọ́ títí, yọ gbòǹgbò rẹ̀ wò. Tí ó bá wú kókókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, aràn inú ilẹ̀ ni, ìyẹn ní ẹjọ́ tirẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń wo èyí tó ń ṣe omi ògì sàn. Ẹni tó bá tà á fún ọ ti jẹ owó rẹ. Èmi ra ìgò méjì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń fi ọkọ̀ polówó, ìkàn mi ku ikú tó yẹ kó kú, pẹ̀lú òórùn oògùn lára. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí o hú igi náà kúrò, má sọ ọ́ sí ààtàn oko, kí o fọ ọkọ́ rẹ kó tó kan ebè míì, kí o sì gbin àgbàdo síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. O tún lè gbin ìkàn náà sínú korobá tàbí àpò sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú erùpẹ̀ tí o ti da omi gbígbóná sí.

Ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tó ní sùúrù. Ìkàn igbó kan wà tó ga, ara rẹ̀ ní ẹ̀gún, òdòdó rẹ̀ funfun, ó ń so wẹ́wẹ́ ní ṣùkù bí ẹ̀wà eree. Àrùn yìí kì í tètè mú un. Wọ́n ń fi orí ìkàn Ítálì lé ìdí rẹ̀: gé méjèèjì ní dàgẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sanra tó ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta, fi wọ́n kan ara, fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, fi wọ́n síbi tó rin tó sì ṣókùnkùn díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ṣe mẹ́wàá. Mẹ́rin ló yè. Mẹ́rin yẹn so títí mo fi ń bẹ aládùúgbò pé kó wá já.

Àwọn tó ń bi mí bóyá kí àwọn fi iyọ̀ pa Violetta Lunga kí ìkorò rẹ̀ lè jáde: ẹ já a nígbà tí ara rẹ̀ bá ṣì ń dán. Tí awọ rẹ̀ bá ti ṣú, hóró inú rẹ̀ ti le, iyọ̀ ò ní ṣe iṣẹ́ tí ọbẹ ì bá ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Lọ́dún kan, mo ní kí wọ́n bá mi wá ìkàn pupa kan tí wọ́n ń pè ní Rossa di Rotonda. Rotonda, ìlú kékeré ni ní Basilicata. Mo ti rí àwòrán rẹ̀: ó rí roboto bíi tòmátì, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Hóró dé, mo gbìn ín, mo ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ àkọ́bí. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Òkè-Ìtòkú, wọ́n rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, wọ́n já ewé kan, wọ́n fi ọwọ́ ra á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n já èso kan tó ṣì tutù, wọ́n bù ú jẹ. "Ìyàwó," wọ́n ní, "ìgbá lo fowó ọkọ̀ òfuurufú gbé wá?"

Wọn ò ṣìnà. Ẹ̀yà kan náà ni Rossa di Rotonda àti ìkàn tiwa tí wọ́n ń tà pẹ̀lú obì níbi ìkómọ, ìyẹn tí àwọn kan ń pè ní ìgbá. Kì í ṣe ẹ̀yà Violetta Lunga rárá. Àwọn ará Rotonda fúnra wọn ní àwọn ọmọ ogun tó ti Áfíríkà bọ̀ ló gbé e wá. Wọ́n ń fi ọtí kíkan àti òróró tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò, àti ìkorò rẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń jẹ ẹ́ sí. Tèmi so bí ẹni tó padà sílé bàbá rẹ̀. Kò sí ooru tó ṣe é ní nǹkan kan.

* * *

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí níbi tí ẹ ti lè rí irúgbìn. Ẹ wo àpò dáadáa. Tí ẹ bá rí F1 lára rẹ̀, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi irú méjì bí, ẹ gbìn ín kí ẹ jẹ ẹ́, ẹ má fi hóró rẹ̀ pamọ́, torí àwọn ọmọ ò ní jọ ìyá. Àwọn orúkọ àtijọ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí, tí kò bá sí F1 lára àpò, ẹ lè máa fi hóró wọn pamọ́ láti ọdún dé ọdún. Ti ìkàn, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ lórí igi títí á fi pọ́n, tí awọ rẹ̀ á dà bíi idẹ, kí ẹ tó yọ hóró. Hóró inú èyí tó ń dán tí à ń sè kò tíì gbó. Ẹ sá a nínú ibòji, ẹ fi sínú ìgò tó ní ìdérí pẹ̀lú ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ooru wa yìí, ọdún kan ló máa ń lò kó tó di ẹ̀rún.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹbí gbé irúgbìn bọ̀ láti òkè òkun, òfin wà. Ó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Nigeria Agricultural Quarantine Service, kí irúgbìn sì ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn láti ibi tó ti ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí omi ògì inú gíláàsì yẹn.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, mo gé èyí tó rọ lánàá. Omi ògì ni mo rí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń wò ó. Kí ni kí n ṣe sí èyí tó kù?"

Pẹ̀lẹ́. Ebè tó wà níbẹ̀, àgbàdo ni o. Má gbin ata sí i lọ́dún yìí, má gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀. Wá korobá ọ̀dà méjìlá, lu ìdí wọn, gbé wọn sórí búlọ́ọ̀kù kí omi ilẹ̀ má kàn wọ́n, síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń dé, tí ilé á sì ṣíji bò wọ́n láti aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní 20 oṣù kẹjọ, gbin Friggitello mẹ́fà, Corno di Toro mẹ́rin, ìkàn méjì. Fi èyí tó kù sínú fíríìjì fún ọdún tó ń bọ̀, torí ooru ò ní ṣàánú rẹ̀.

Quadrato yẹn, bu díẹ̀ fún aládùúgbò rẹ.